Ẹ̀ka Gbígbẹ Lọ́nà Odò

                                        Ilé Zénabou,
                                        Ẹ̀yìn gáà ọkọ̀ ojú irin,
                                        Tchaourou.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, ọdún 1937.

Maïmounatou, ọ̀rẹ́ ọ̀nà mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ nígbà ààwẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bínú sí gbogbo ayé? Ṣé iṣu tuntun ti jáde lọ́dọ̀ yín ní Ṣábẹ̀? Tiwa ti jáde, àmọ́ òjò ti ba díẹ̀ jẹ́ nínú ebè. Èmi náà wà. Eyín mi ku mẹ́rin, ẹsẹ̀ mi pé méjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Karimou tó ń bá àwọn èèyàn kọ̀wé ní gáà ló ń kọ èyí. Ó ní kí n kí ọ pẹ́ díẹ̀ sí i, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ. Ìkíni ti tó. Yessoufou ò tíì délé.

Yessoufou náà ni, ọmọ mi tí mo bí sójú ọ̀nà Djougou nígbà tí a ń ru obì, tí ìwọ fi ọ̀bẹ ìbẹ̀ṣu gé ìwọ́ rẹ̀, tí a sì tún gbé ẹrù wa lọ́jọ́ kẹta. Abíọ́nà ni gbogbo ilé ń pè é. Wọ́n ní orúkọ a máa roni. Tirẹ̀ ti rò ó jù. Ó ti dé Kano, ó ti dé Accra, kò sì kó nǹkan bọ̀ ju ìtàn lọ.

Lóṣù tó kọjá, òyìnbó kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Kò tà, kò rà, kò gba owó orí, kò sì wàásù. Ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ tọ odò Ouémé láti Bétérou títí dé Ṣábẹ̀, kí òun lè ya gbogbo kọ́rọ́ rẹ̀ sórí ìwé. Nínú òjò yìí! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó. Àfi bí Yessoufou ṣe ní òun ni yóò ṣamọ̀nà rẹ̀. Rissikatou ìyàwó rẹ̀ sunkún. Èmi ò sunkún, mo bú u. Mo ní, "Ìwọ tí irun rẹ ti ń funfun, kí lo sọ nù sínú igbó odò?"

Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ bí mi sójú ọ̀nà, ṣé ẹ fẹ́ kí n jókòó sílé máa ka adìẹ ni? Mi ò tíì rí bí odò yẹn ṣe ṣẹ́rí lẹ́yìn Bétérou. Mo fẹ́ rí i."

Ṣé o rántí òkè tí ìwọ àtèmi gbé ẹrù sílẹ̀ tí a gùn, nítorí kí a lè rí ohun tó wà lódì kejì, tí olórí wa fi pè wá ní ewúrẹ́ títí a fi dé Djougou? Kò sí nǹkan kan lódì kejì. Inú wa sì dùn.

Ètò wọn ni pé Yessoufou àti òyìnbó yóò máa ṣáájú láàárọ̀, kí àwọn aláàárù mẹ́fà tó ru oúnjẹ máa tẹ̀ lé wọn. Fàtáì, ọmọ tí olóògbé ẹ̀gbọ́n mi bí, ni olórí aláàárù. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, mo pe gbogbo wọn jọ, mo fi ọgbọ́n ọ̀nà wa yangàn. Mo ní, "Bí ẹ bá dé oríta, Yessoufou á ti gé ẹ̀ka dí ọ̀nà tí kì í ṣe tiyín. Tí ẹ bá ti rí ẹ̀ka, ẹ má bèèrè, ẹ yà."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Fàtáì àti àwọn èèyàn rẹ̀ gba ọ̀nà abúlé Goro wọlé, ẹrù wọn sì kún bí ìgbà tí wọ́n gbé e lọ. Ẹrù oúnjẹ tó kún yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Mo ní, "Yessoufou dà?"

Ó ní, "Ìyá àgbà, ọwọ́ wa mọ́. A dé oríta, a rí ẹ̀ka lójú ọ̀nà tó lọ sódò, a yà sí èkejì bí ẹ ṣe kọ́ wa. Goro ló gbé wa já sí."

Mo ní, "Ewé rẹ̀ ńkọ́? Ṣé tútù ni àbí gbígbẹ?"

"Gbígbẹ ni. Ó ti ń rún. Ẹ̀ka tútù kan wà lọ́nà kejì náà, a rò pé atẹ́gùn ló já a."

Ọ̀rọ̀ ti yé ọ. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Yessoufou kọjá níbẹ̀. Ẹ̀ka tó gé láàárọ̀ kò lè máa rún lọ́sàn-án. Tirẹ̀ ni tútù yẹn. Gbígbẹ yẹn, ẹ̀ka ọdẹ ni, èyí tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà tí wọ́n bá dẹ tàkúté sí, wọ́n ti kó tàkúté lọ, wọ́n gbàgbé ẹ̀ka síbẹ̀. Ẹ̀ka méjì, ti èyí tó ti kú ni wọ́n gbọ́.

Mo pe Fàtáì ní màlúù. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí a má bèèrè."

Òótọ́ ni. Mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n fọwọ́ kan ewé, torí kò sẹ́ni tó ní láti sọ ọ́ fún ìwọ àtèmi rí. Ẹjọ́ mi nìyẹn. Karimou ní kí a fo ibẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́.

Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí tí Yessoufou ti wà nínú igbó yẹn láìsí oúnjẹ, àfi ohun tó wà nínú àpò rẹ̀. Àwọn tó ti Bétérou dé ní odò ti kún dé orí ẹ̀ka igi. Mo lọ sí bíró kọ̀màǹdáǹ, òyìnbó tó ń ṣèjọba lé wa lórí. Akọ̀wé ibẹ̀ ní wọ́n ti rán èèyàn lọ wá òyìnbó. Mo ní Yessoufou ńkọ́? Ó ní ta ni Yessoufou? Mo sọ ẹni tó jẹ́ fún un. Kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́la, èmi àti Fàtáì ń lọ sí oríta yẹn. Òun ni yóò ru oúnjẹ, èmi ni yóò wo ewé. Rissikatou ní mo ti dàgbà jù. Mo sọ fún un pé kì í ṣe eré ni mo fẹ́ lọ sá.

Iṣẹ́ tìrẹ nìyí. Aṣọ aláró tó wà nínú lẹ́tà yìí, ìdajì ni. Mo ya ìyókù fún Yessoufou, ó sì ṣèlérí pé tí òun bá ti sọdá, òun yóò so ó mọ́ igi ńlá tó wà létí odò ní ẹ̀bá Ṣábẹ̀, bí a ṣe máa ń so tiwa fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Máa lọ wò ó láràárọ̀. Bí orúnkún kò bá jẹ́, rán ọmọ rẹ tó lójú.

Bá mi kí Salamatou ọmọ rẹ, àti baálé rẹ, bínú tàbí kò bínú. Rissikatou ń kí yín.

Bí o bá rí aṣọ náà, tú u, fi rán ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀, kó gbé e fún Karimou. Má fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Bí oṣù yìí bá parí tí kò sí nǹkan lára igi, má rán ẹnikẹ́ni, má sì kọ̀wé. Ìwọ lo kọ́kọ́ gbé Yessoufou lọ́wọ́ kí èmi tó gbé e. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá. Bí o bá dé tí mi ò tíì ti igbó dé, jókòó sórí ẹní mi, má sọ nǹkan kan fún Rissikatou. N ó mọ̀ nígbà tí mo bá rí ọ lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi náà ni, tí a jọ ru obì,

Zénabou
(Ìka mi ni mo tẹ̀ síbí.)