Eṣinṣin Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Sùn

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Koko lara mi le, mo sì ń sùn dáadáa.

Iṣẹ́ mi tuntun nílé ìwádìí nípa oorun á pa yín lẹ́rìn-ín. Àwọn eṣinṣin wínníwínní tó máa ń bà lórí èso, èmi ni mò ń gbọn ìgò wọn kí wọ́n má baà sùn, màá wá fún wọn ní kọfí. Wọ́n á máa fò kiri bí ẹni ayọ̀, àmọ́ wọn ò ní rántí ohun tí a kọ́ wọn. Kọfí lè lé oorun, kò lè ṣiṣẹ́ oorun. Èmi náà ń mu díẹ̀, ife márùn-ún péré.

Ẹ bá mi kí Bàámi.

Háà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo ìlà yẹn. Oṣù mẹ́ta rèé tí ẹ ti sin wọ́n, tí mi ò sí níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí àwọn tó kù nílé.