Yàrá Ìsàlẹ̀ Kì Í Ṣe Ṣòkòtò Àgbàwọ̀

                                        Yàrá Ìsàlẹ̀,
                                        Ilé Àtúnkọ́ Ìlú,
                                        Òdìkejì Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Farabalẹ̀, ọmọ àǹtí mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún àǹtí mi tó ń dùn wọ́n nígbà tí mo wá kẹ́yìn, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí kò kàn wọ́n, àárín èmi àti ọmọ wọn ni. Ìwọ náà ńkọ́, ṣé ara rẹ le? Mo fẹ́ kí ó le dáadáa, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ fún aláìsàn.

Wo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lókè yẹn. O kò ṣì í kà. Inú yàrá náà ni mo jókòó sí, lórí tábìlì tí Ìyá Oníbọ́tìnnì fi ń gé aṣọ, máṣíìnì méjìdínlógún sì ń kùn lẹ́yìn mi bí oyin. Láàárọ̀ àná, o kọ̀wé ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé ọkọ̀ akẹ́rù á dé ní aago méjì, kí n jẹ́ kí àwọn télọ̀ máa palẹ̀ mọ́. N kò sọ fún wọn. A ò lọ.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà sọ fún àwọn ẹbí pé inú ló kàn ń bí mi. Inú ń bí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí mi pé.

Nígbà tí Àjọ Àtúnkọ́ Ìlú yín wó ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀ àdúgbò wa, ìwọ tí o jẹ́ akọ̀wé àjọ náà lo wá dúró ní pálọ̀ màmá mi, tí o ní kí gbogbo wa fara balẹ̀. O ní ilé alájà mẹ́fà tí ẹ máa kọ́ síbẹ̀, ti gbogbo ará ìlú ni, àti pé òfin ti yọ ọ́ kúrò nínú owó-orí ilé, níwọ̀n ìgbà tí yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ àwọn tí ẹ wó ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo gbà pé òfin náà dára. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ilé tó jẹ́ ti ará ìlú, tí ará ìlú sì ń lò, kí la tún fẹ́ máa gba owó-orí lọ́wọ́ ara wa fún? Èmi tí mo kàwé nípa òwò, n kò rí àléébù kankan nínú ìṣirò yẹn. Ẹ̀yin tó wà nídìí rẹ̀ ni àléébù.

Ilé parí. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọ̀gá rìnrìn àjò. Ọ̀gá dé, fáìlì sọnù. Fáìlì yọjú, ó ku kí ẹnì kan bu ọwọ́ lù ú, ẹni yẹn sì ti lọ ìsinmi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, o ní kí n fara balẹ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ẹni tí ẹbí fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ lórúkọ kò lè yára fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún tó kọjá, ìwọ fúnra rẹ wá yára. O pè mí pé aṣàyẹ̀wò owó-orí ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, pé bí kò bá bá télọ̀ nínú yàrá, owó-orí á bọ́ sórí ilé náà, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ á sì di ìtàn. Ṣé mo lè bá ọ kó wọn wá? Ọjọ́ kan péré, kọ́kọ́rọ́ á tẹ̀lé e. O mọ ẹni tí o pè. Wọn kì í pè mí ní Kíámọ́sá lásán. Kí ọjọ́ méjì tó pé, mo ti pín iṣẹ́: àwọn tó máa gbé máṣíìnì, ẹni tó máa fa wáyà iná, ẹni tó máa gbálẹ̀. Mo tilẹ̀ lẹ nọ́ńbà mọ́ máṣíìnì kọ̀ọ̀kan. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń pariwo rẹ̀ sétí gbogbo ayé ni n kò ṣe: n kò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ. Mo ní ọmọ àǹtí mi ni.

Obìnrin aṣàyẹ̀wò náà dé, ó yí yàrá po, ó wá dúró níwájú Ìyá Oníbọ́tìnnì. O rántí wọn dáadáa. Àwọn ló rán yunifọ́ọ̀mù tí àwa méjèèjì kọ́kọ́ wọ̀ lọ síléèwé, tí wọ́n ká etí rẹ̀ sínú kí wọ́n lè máa tú u bí a bá ṣe ń ga. Obìnrin náà bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ẹ ti pẹ́ níbí?" Ìyá wo ojú mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ti ń mọ́ wa lára."

Ìyá tó máa ń sọ fún oníbàárà lójú ara rẹ̀ pé ikùn rẹ̀ ti tóbi ju sítáì tó mú wá lọ, wọ́n purọ́ nítorí tèmi. Èmi purọ́ nítorí tìrẹ.

Áyọ́ọ̀nù ò tíì tutù lọ́sàn-án ọjọ́ náà tí ọlọ́dẹ yín fi dé tó ní kí a ṣe kíá, àwọn mọ́tò ti ń bọ̀. A rò pé èyí tó ń gbé kọ́kọ́rọ́ wa bọ̀ ni. Mọ́tò títà ni. Mẹ́fà, tuntun, tó ń dán. Oníṣòwò mọ́tò gba yàrá wa, owó-orí kankan ò sì kàn án, nítorí pé a jókòó níbẹ̀ fún ọjọ́ kan. Onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì, tó ń san tirẹ̀ lọ́dọọdún, bi mí ní ọjọ́ kejì bóyá àwọn mọ́tò yẹn náà ni télọ̀, kí òun lè mú aṣọ wá fún wọn.

Láti ìgbà náà, abẹ́ àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n háyà yàrá sí ni Ìyá ti ń ránṣọ. Iná kì í dé ibẹ̀. Ìka ni wọ́n fi ń wá ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ ti gba inú àtàǹpàkò wọn kọjá. Onílé wá ní ariwo máṣíìnì ti sú òun, kí Ìyá gbé e kúrò níbẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Ìyá ti rí ẹni tó máa ra máṣíìnì náà lọ́wọ́ wọn. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn nígbà tí o tún pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú ẹnu kan náà, pé aṣàyẹ̀wò ń bọ̀, ọjọ́ kan péré.

Àwọn télọ̀ ló ni òwe yìí: ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ẹni mu. O ti gbà wá wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kò burú, a ń bọ̀. O dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí a kó dé, mo mú bíríkìlà wá. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sì fi símẹ́ǹtì mọ ẹsẹ̀ irin máṣíìnì kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ọlọ́dẹ yín rò pé ìwọ lo rán an, ó tilẹ̀ bá a pọn omi. Símẹ́ǹtì ò mọ ohun tó ń jẹ́ kí fáìlì sọnù. Nígbà tó máa di àná, ó ti gan.

O wà lẹ́nu ọ̀nà lánàá, o gbọ́ ọ. Obìnrin aṣàyẹ̀wò náà tún bi Ìyá pé ṣé wọ́n ti pẹ́ níbí. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá ò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun la dé. Ọjọ́ kan la lò lọ́dún tó kọjá, mo sì purọ́ fún ọ. Má bínú. Ṣùgbọ́n a ò lọ mọ́."

Mo rí ọ tí o gbé fóònù sétí, fóònù tí kò dún. Obìnrin náà lóṣòó, ó fi ìka kan símẹ́ǹtì, ó kọ̀wé pẹ́. Ó ní òun ò ní bu ọwọ́ lu ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Òun á padà wá láìsọ ọjọ́, òun á sì tún padà wá. Níwọ̀n ìgbà tí òun bá ń bá àwọn télọ̀ níbí, owó-orí ò ní kan ilé náà. Ọjọ́ tí òun bá bá mọ́tò, àjà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á san án, ti ọdún tó kọjá mọ́ ọn.

Nítorí náà, ṣírò ó. Láti òní lọ, orí àwọn télọ̀ yìí ni ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ tó wà lájà kẹfà jókòó lé. Ẹ̀yin lẹ máa máa gbàdúrà kí Ìyá má ṣàìsàn. N kò ní dúró de fáìlì yín. Mo ti kọ ìwé àdéhùn náà fúnra mi, ó wà nínú àpò lẹ́tà yìí, ọwọ́ ọ̀gá rẹ nìkan ló kù. Mo fẹ́ ẹ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Ajé, kí aago mẹ́wàá tó lù.

Kì í ṣe àjọ yín ló dùn mí. Àjọ ò lójú. Ìwọ lo lójú, o sì fi wo Ìyá nígbà tí wọ́n ń ti máṣíìnì wọn jáde lọ́jọ́ yẹn, o tún bá wọn di ilẹ̀kùn mú kó má baà ha igi rẹ̀. N kò tíì mọ ohun tí mo máa fi ìyẹn ṣe.

Kí ìyàwó rẹ fún mi, kí o sì bá mi gbé àbíkẹ́yìn rẹ mọ́ra. Onígbàjámọ̀ ní kí n kí ọ. N kò ní kọ bó ṣe kí ọ. Ìyá Oníbọ́tìnnì náà kí ọ. Wọ́n ní àwọn rí i lánàá bí o ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà pé inú jákẹ́ẹ̀tì rẹ ti tú lápá òsì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó máa tú lọ. Wọ́n ní rárá, kí o mú un wá, àwọn á rán an. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní wá gbà á lọ́wọ́ rẹ, a ò sì ní gbé e wá fún ọ. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, wàá sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn yòókù. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà níwájú rẹ.

Wọ́n ní kí o fara balẹ̀.

Èmi ni ẹbí rẹ tí inú rẹ̀ ò tíì rọ̀,
Kíámọ́sá.