Ẹni Tí Kò Fara Mọ́ Ọn Ńkọ́?

Bàbá mi,

Inú ń bí mi sí yín. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí n tó kí yín, torí bí mo bá kọ́kọ́ kí yín, màá kúnlẹ̀ bí ìṣe mi, ọ̀rọ̀ á sì tutù lẹ́nu mi.

Ọ̀rọ̀ Mojí ni, ọmọbìnrin mi tó di nọ́ọ̀sì. Ó ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọsibítù, tí àwọn ẹlòmíì ń gbààwẹ̀ wá ní Dallas níbí. Ó ní òun ń lọ sí yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ míì, láti kọ́ ìtàn ilé aṣòfin Yukréènì nígbà tó wà lábẹ́ Sófíẹ̀tì. Ẹ kò ṣì mí gbọ́. Ìjọba tó ti túká kí n tó bí i. Ẹ̀yin lẹ fà á. Fọ́tò tí ẹ yà níwájú ilé aṣòfin náà ní Kíẹ́fù, nígbà tí ẹ lọ kàwé níbẹ̀, pẹ̀lú fìlà onírun tó bo etí yín, ló rí nínú àpótí mi. Látìgbà náà ni kò ti jẹ́ ká gbádùn.

Mo rántí ohun tí ẹ kó bọ̀ láti ibẹ̀. Ẹ máa ń fi ṣíbí jáàmù kan sínú tíì, ẹ á máa rò ó jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ẹ ò fẹ́ jí i lójú oorun. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ tún kó ìpàdé Sátidé bọ̀. Ẹ á pe gbogbo wa sí pálọ̀ ní Òṣogbo, ẹ á sọ ohun tí ẹ ti pinnu, ẹ á ní, "Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́." Gbogbo wa á nawọ́. Ẹ á ní, "Ó tán. Ohùn wa ṣọ̀kan." Ẹ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé aṣòfin Kíẹ́fù nìyẹn, pé ẹ lọ fojú ara yín rí i, pé àwọn ọ̀làjú kì í jiyàn.

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ní Sátidé tí ẹ pinnu pé kí n má lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà mọ́, kí n jókòó ti Màámi tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Mo ti gba lẹ́tà ìwọlé. Èmi náà nawọ́, Bàbá. Ẹ rí mi. Ṣé ẹ rò pé mo fara mọ́ ọn ni? Mi ò kábàámọ̀ pé mo tọ́jú Màámi. Pé ẹ mú mi nawọ́ sí i ló ń dùn mí dòní.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo pe ìpàdé sí kíṣìnnì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní kí Mojí lọ gba iṣẹ́ rẹ̀ padà, kó gbàgbé Yukréènì. Mo ní ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́. Bàbá àwọn ọmọ na ọwọ́ kan, ó fi ìkejì di fóònù mú. Tóbi àbúrò Mojí, tó wakọ̀ láti Irving wá jẹ ìrẹsì ọ̀fẹ́, ti nawọ́ tán kó tó ní, "Mọ́mì, kí là ń dìbò fún ná?"

Mojí bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ ò tíì parí ẹ̀. Ẹni tí kò fara mọ́ ọn ńkọ́?"

Mo bi í pé ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí. Ó wá ṣàlàyé, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń tiro. Ó ní lóòótọ́ ni, àwọn aṣòfin yẹn kì í jókòó ju ọjọ́ mélòó kan lọ lọ́dún, àwọn ọ̀gá lókè ti pinnu kí wọ́n tó dé, wọ́n á kàn nawọ́ ni. Ṣùgbọ́n alága máa ń béèrè. Ta ni kò gbà? Ta ni kò dá sí i? Wọ́n á wò yíká, kò ní sí ẹnì kankan. Títí di ọdún tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Wọ́n jiyàn, wọ́n pariwo mọ́ra wọn, ilé kan náà ló sì dìbò níkẹyìn pé àwọn ò bá Sófíẹ̀tì ṣe mọ́.

Wọ́n máa ń béèrè, Bàbá. Ẹ jókòó níbẹ̀, ẹ gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹ ń kó ìpàdé yẹn bọ̀ wálé, kí ló dé tí ẹ gé ibẹ̀ kúrò? Ìjọba tó le tó yẹn ṣì ń fi ẹnu lásán béèrè. Ẹ̀yin ò fi ẹnu béèrè pàápàá. Ṣé ẹ̀rù ń bà yín pé ọwọ́ mi lè yọ?

Èmi béèrè ẹni tí kò fara mọ́ ọn. Mojí nìkan nawọ́. Ó nà án sókè gan-an, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mẹ́ta sí ọ̀kan. Èmi ni mo borí, àmọ́ mi ò lè sọ pé ó tán. Mo dìde, mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo ṣì gbà pé àṣìṣe ló ń ṣe. Bó bá ṣàìsàn níbẹ̀ ńkọ́? Irú ọkọ wo ló wà nínú ìwé àtijọ́? Síbẹ̀ ó ń lọ, bàbá ẹ̀ sì ní kó wọ bàálù ní Ọjọ́bọ̀. Mo ní rárá, èmi ni màá wakọ̀ gbé e lọ. Ọ̀nà á jìn, a ó sì rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo fẹ́ bi í léèrè ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ nínú ilé aṣòfin yẹn pé òun kò gbà, bóyá ó ní ìyá láyé nígbà náà, bóyá ó sì délé láyọ̀.

Inú mi kò tíì rọ̀. Ẹ má retí àforíjì.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì fara mọ́ ọn.