Ohun Tí N Kò Lè Jẹ ní Ilé Tíì Bẹẹrẹ

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Máàṣì 1963

Ó ti lórúkọ wàyí. Ohun tó ń ṣe mí láti èyí tó lé lọ́dún kan — inú wíwú, ìgbẹ́ gbuuru, ara tó ń joro — kì í ṣe aràn, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Dókítà ní ìfun mi ni kò gba àlìkámà. Àti ọkà bálì. Ohun tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré nínú ẹ̀kọ́ kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí n kò rí lóko ẹnì kankan n'Íbàdàn rí. Mo ní, Dókítà, a kì í jẹ àlìkámà nílé wa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ni mo rò pé wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì.

Fúláwà, àṣé. Búrẹ́dì, bọ́ọ̀nsì, kéèkì, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, bísíkítì. Kódà àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ń pò sínú omi gbígbóná, bálì wà nínú òmíràn. Kò sí oògùn kankan. Kí n má jẹ ẹ́ mọ́ láé, oògùn rẹ̀ nìyẹn. Iyán, ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹ̀kọ — ìyẹn ò léwu.

Inú mi dùn. Inú mi ń dùn títí a fi dé ojú ọ̀nà ilé, tí Màámi dúró lójijì: "Àgbékẹ́, ṣé ilé oníbúrẹ́dì kọ́ lo fẹ́ lọ ṣe ìyàwó yìí?"

Òótọ́ ni. Ìyá Agùntáṣọọ́lò ló ni ilé tíì tó wà ní Bẹẹrẹ. (Agùntáṣọọ́lò ni Ọlábọ̀wálé, àfẹ́sọ́nà mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ga.) Àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì ń wádìí wa lọ́wọ́ — ṣé kò sí wèrè nílé wa, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀. Màámi ní ta ni yóò gbé ọmọge tí ìfun rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ náà má kúrò láàárín àwa méjèèjì. "Jẹ́ kí wọ́n gbé ọ wọlé ná."

Mo ní ó dáa.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Máàṣì

Ilé tíì. Agùntáṣọọ́lò wá mú mi lọ bí ìṣe rẹ̀. Àwọn akọ̀wé Màpó kún ibẹ̀, kóòtù lẹ́yìn àga, wọ́n ń ki búrẹ́dì bọ inú tíì. Òórùn bọ́ọ̀nsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò. Itọ́ kún mi lẹ́nu.

Ìyá Ilé Tíì — ìyá rẹ̀ nìyẹn — fúnra wọn gbé àwo wá. Wọ́n ní kí n jẹun, mo ti gbẹ jù, ayé á ní àwọn ni wọn ò bọ́ ìyàwó àwọn.

Mo ní mo ń gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Mo ní mo ti fi ohun fúláwà sílẹ̀ títí di Àjíǹde. Irọ́ náà yọ̀ jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé ó ti ń dúró níbẹ̀. Inú wọn dùn, wọ́n ń fi mí han àwọn akọ̀wé: ẹ wo ọmọ ìjọ. Wọ́n po kọfí fún mi, kò sí súgà, nítorí ààwẹ̀. Kọfí ò ní àlìkámà. Mo mu ún. Ó korò bí ewúro.

Agùntáṣọọ́lò ní òun ò mọ̀ pé àlùfáà lòun ń fẹ́. A jọ rẹ́rìn-ín dé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kì bá gbọ́ ọ.


Ọjọ́rú, 20 Máàṣì

Mò ń wá ohun tí mo lè fi sẹ́nu bí mo bá jáde.

Sàídì, tó ń ta tíì ní Ọjà'ba. Mo bi í bóyá bálì wà nínú agolo tó ń bù. Ó gbé agolo lé mi lọ́wọ́. Mo dúró, mò ń ka ara rẹ̀, àwọn oníbàárà tò sẹ́yìn mi. "Àǹtí, ṣé wolé-wolé ni yín ni, àbí lọ́yà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bálì wà níbẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́. Mo dá agolo padà, mo kí i, mo lọ.

Obìnrin alákàrà n'Ídìí Arẹrẹ. Mo bi í bóyá ó fi fúláwà sí i kó lè dì. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ẹni tí ẹ̀wà òun ò bá tó, kó lọ jókòó sílé tíì. Mo rà á. Níwájú rẹ̀ ni mo ti jẹ ẹ́ tán, kó lè tú ojú ká.

Àádùn tí Kúlúsúmù ń tà — àgbàdo, epo, iyọ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Kò bi mí léèrè. Ó fi ẹ̀pà lé e fún mi.


Ọjọ́bọ̀, 28 Máàṣì

Ara mi yá. Síkẹ́ẹ̀tì mi ti ń fún mi nídìí. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún àfi ìwé yìí.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Épírì

Mo ti ṣe ohun kan.

Ìyá Ilé Tíì ti ń fi bọ́ọ̀nsì ránṣẹ́ sí mi ní ọ́fíìsì tí mo ti ń tẹ tàípù ní Màpó. Kí n fi ṣínu nírọ̀lẹ́, wọ́n ní. Àwọn ti àkọ́kọ́, mo kó wọn fún Màámi. Ṣùgbọ́n Màámi ti ní kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́, kí n má baà lọ tọ́ ọ wò. Àwọn ará ọ́fíìsì ńkọ́? Gbogbo wọn ló ń lọ sí ilé tíì, ẹnu wọn ò sì ní ìdérí.

Mo ju bọ́ọ̀nsì náà fún ewúrẹ́ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn Màpó. Bí mo ṣe gbójú sókè — Àṣàbí. Àbúrò Agùntáṣọọ́lò, òun ló ń gbé àwo nílé tíì. Kò kí mi.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Épírì

Omi lásán ni wọ́n gbé síwájú mi nílé tíì lónìí. Ìyá Ilé Tíì dúró títí Agùntáṣọọ́lò fi lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ níta. Wọ́n wá jókòó tì mí. Wọn ò pariwo.

"Clara" — orúkọ ìrìbọmi mi ni wọ́n máa ń pè — "ṣé ọwọ́ mi ò mọ́ lójú rẹ ni?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, Mà, ààwẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ààwẹ̀ kì í gbé oúnjẹ èèyàn fún ewúrẹ́."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú ìdákẹ́ mi. Ìyàwó tí ò bá jẹun lọ́wọ́ ìyá ọkọ, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: pé olóògùn ni ìyá náà. A kì í là á lẹ́nu. Èébú ṣeé gbàgbé, ìyẹn ò ṣeé gbàgbé. Mo ní bí Àjíǹde bá ti dé, n ó jẹ ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún mi. Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Màámi ní kí n jẹ díẹ̀ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tí a fi sí ọjọ́ kejì Àjíǹde. Díẹ̀ kì í pààyàn.


Ọjọ́ Àìkú, 14 Épírì. Àjíǹde

Mo jókòó nígbà tí gbogbo ìjọ lọ gba Ara Olúwa. Búrẹ́dì nìyẹn náà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀.


Ọjọ́ Ajé, 15 Épírì

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àwọn ẹbí Agùntáṣọọ́lò kún pálọ̀ wa. Àṣàbí ru kéèkì wọlé, funfun báláú, ìyá wọn ti fi súgà kọ orúkọ mi àti tirẹ̀ sórí. Kí wọ́n tó pín in, wọ́n gé tèmi lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́ níṣojú ẹbí méjèèjì.

Àṣàbí ń wo ẹnu mi. Mo wo Màámi. Wọ́n ṣẹ́jú sí mi.

Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Ọlọ́run mi, ó dùn. Wọ́n gé òmíràn, mo jẹ ẹ́. Ìyá Ilé Tíì fi etí gèlè nu ojú. Mo ti tún orúkọ wọn ṣe. Inú mi dùn fún wọn, tọkàntọkàn.

Ó ti ń ta mí níkùn bí mo ṣe ń kọ èyí.


Ọjọ́bọ̀, 18 Épírì

Èébì. Ìgbẹ́. Wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí ọsibítù lánàá, ó rọlẹ̀.

Ìyá Àkíbù ló ń pọn omi fún mi — yàrá rẹ̀ ló kángun sí tiwa. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Pé kí ni mo jẹ lọ́jọ́ Ajé tí ẹlòmíràn jẹ tí inú ò run wọ́n? Pé ṣebí tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Pé wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n fẹ́ gé fún mi. Ó ní ìyá ọkọ kì í rí ìyàwó rẹ̀ jẹun kó sunkún lásán.

Mo retí kí Màámi dá a lẹ́kun. Màámi ń ká aṣọ. Wọ́n ká a, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká.

Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Ọ̀fun ń dùn mí, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọ̀fun.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Épírì

Ó ti dé Ọjà'ba. Ìyá Àkíbù fúnra rẹ̀ ló gbé e padà wá fún mi bí ìròyìn tuntun. Ó ní akọ̀wé kan na ife tíì sí Ìyá Ilé Tíì lánàá pé kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó ní eré ni, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ó ní Ìyá tọ́ ọ wò.

Mo bẹ Màámi kí á sọ òtítọ́. Wọ́n ní bí a bá sọ ọ́ nísinsìnyí, onírọ́ àti aláìsàn ni wọn ó pè mí pọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ n'Íbàdàn kì í pẹ́ kú. Ojú wọn pọ́n. Wọn ò sùn láti ọjọ́ Ajé. N kò lè kórìíra wọn. Ká ní mo lè ṣe é ni, ì bá rọrùn.


Ọjọ́ Ajé, 22 Épírì

Agùntáṣọọ́lò wá. Ó mú ọsàn wá, ó ń bó o fún mi. Ó sọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, ó sọ̀rọ̀ òjò. Lẹ́yìn náà ló wá ní:

"Clara, ìwọ nìkan ni n ó gbà gbọ́. Ṣé màmá mi fi nǹkan sí kéèkì yẹn?"

Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀kọ lọ́wọ́. Mo wo ọsàn.

Mo ní, "N kò mọ̀."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́, ó pa ilẹ̀kùn dé jẹ́ẹ́jẹ́.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Épírì

Mo mọ̀.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Épírì

Mo lọ. N kò sọ fún Màámi. Ẹsẹ̀ mi ò tíì ranlẹ̀ dáadáa, mo ń sinmi lára ògiri títí mo fi gun òkè Bẹẹrẹ.

Àga ṣófo. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta. Bàbá Hezekiah, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sí igun kan pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì tí n kò mọ̀, àwọn àlejò tí ò tíì gbọ́. Ìyá Ilé Tíì ń nu orí tábìlì tó ti mọ́.

Mo dúró láàárín ilé. Èmi tí wọ́n máa ń sọ fún ní ilé ìwé pé kí n gbóhùn sókè. Mo sọ ọ́: pé ìfun mi ò gba fúláwà, dókítà ti sọ kó tó di ọjọ́ kéèkì, mo mọ̀, mo jẹ ẹ́, ọwọ́ wọn mọ́. Bàbá Hezekiah ní kí n tún un sọ, etí òun wúwo. Mo tún un sọ.

Ìyá gbé àkísà sílẹ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé mo rò pé búrẹ́dì nìkan làwọn mọ̀ ọ́n sè. Pé àwọn ì bá se ìrẹsì fún mi lójoojúmọ́, kí ló wà níbẹ̀? Wọ́n bi mí bí ẹni tó fẹ́ èsì. Lẹ́yìn náà:

"Àìsàn rẹ ò dùn mí. Kò dùn mí rárá. Bọ̀wálé ni ò jẹ oúnjẹ mi mọ́."

Láti ọjọ́ Ajé. Ó ń sọ pé òun ti yó. Àṣàbí rí i ní ilé olóúnjẹ kan nítòsí Màpó. Ọmọ tí àwọn fi ọmú bọ́, wọ́n ní.

Mo kúnlẹ̀. Wọn ò ní kí n dìde. Wọn ò sì ní kí n máa lọ.


Ọjọ́ Àìkú, 28 Épírì

Mo dúró dè é lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ gbogbo rẹ̀. N kò yọ Màámi sílẹ̀, n kò sì fi wọ́n ṣe àwáwí. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí mo bi ọ́, o ti mọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yí ojú sí ọ̀nà. Mo bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe nítorí tèmi, pé kó jẹ́ ká lọ bá màmá rẹ̀.

Ó tẹ̀ lé mi. Ìyá ti ilé tíì pa nítorí ọjọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa. Wọ́n wò mí, wọ́n wò ó, ó yé wọn. Wọ́n lọ sẹ́yìn, wọ́n gbé búrẹ́dì wá pẹ̀lú tíì, wọ́n gbé e síwájú ọmọ wọn, wọ́n sì jókòó sí òdìkejì tábìlì, ọwọ́ lórí itan. Wọn ò gbé nǹkan kan síwájú mi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìgbéyàwó.

Ó ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí." Wọ́n ní kó jẹun, ó ti ń tutù.

Ó bu búrẹ́dì náà. Kó tó fi sẹ́nu, ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀. Kò pẹ́. N kò rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun wò ó.

Ó jẹ ẹ́, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní ó dùn.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ rí i pé ó wò ó.