Iná Tó Kọjá Lórí Sàréè Yín

Ìyá mi ọ̀wọ́n, Màámi tí kì í jẹ́ kí n jẹun lórí ìdúró,

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́ fún yín? Mo ní àwọn òyìnbó ń ju ẹ̀rọ sójú ọ̀run, wọ́n ń pè é ní sátẹ́láìtì. Tó bá pẹ́, á já, á sì máa jóná bọ̀ lójú sánmà. Ẹni tó bá rí i ní Enugu níbí, èmi ni mò ń lọ bá a, kí n kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín títí. Ẹ ní ṣé ohun tí ẹ tìtorí ẹ̀ rán mi nílé ìwé nìyẹn, kí n máa wá ẹni tó gbójú sókè kiri.

Ọ̀kan já lọ́jọ́ tí a sin yín.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a gbé yín dé itẹ́ òkú. Gbogbo èèyàn ló rí i, àfi èmi. Èmi ọmọkùnrin yín kan ṣoṣo, mo wà nínú ihò sàréè pẹ̀lú Alfa, a ń tẹ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kí ojú yín lè kọ gábàsì. Mo gbọ́ ariwo lókè. Mo rò pé ẹnìkan ló ṣubú ni.

Láti ìgbà náà ni ara mi ti kú. Mò ń lọ síṣẹ́, mò ń bọ̀, omi ò jáde lójú mi. Mo kọjá níbi ìsọ̀ yín ní ọjà Ogbete, ẹlòmíràn ti pàtẹ àlùbọ́sà síbẹ̀. Mo ra ọṣẹ dúdú lọ́dọ̀ obìnrin kan, kò fi èènì sí i. Ẹ̀yin máa ń fi sí i kí oníbàárà tó lanu. Inú bí mi díẹ̀, kò sì bí mi mọ́.

Ọ̀gá mi ní kí n gba ẹ̀rí àwọn tó sin yín. Ẹni tó bá wá kí mi kú ará fẹ́ra kù, mo mú kálàmù. Bàbá onílé wa, ọmọ Ìbò tó ti wa èédú rí, ní láti òkè Udi ni iná náà ti yọ, ó sì kọrí sí ìlú Nike. Nígbà tí mo ní ẹ̀rọ ni, ó mi orí. “My pikin, dem no gree make your mama waka for dark.” Mo kọ ti òkè Udi, mo fi ìyókù sílẹ̀. Wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Èmi tí mo sún mọ́ yín jù, ìròyìn ni mo gbọ́.

Ó wá ku Risi, àbúrò mi. Ẹ̀yìnkùlé ló ti rí i, nítorí obìnrin kì í bá òkú dé itẹ́. Ìgbàgbọ́ pé ẹ̀yin ni iná yẹn ló ń jẹ́ kó lè jẹun. Ẹ̀rù bà mí láti bi í, torí á bi mí padà. Lánàá, lẹ́yìn ìrun alásárì, òun fúnra rẹ̀ wá jókòó síwájú mi.

“Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé Màámi ni?”

Kí ni ẹ̀ bá ní kí n sọ? Mi ò lè purọ́. Mo ní ẹ̀rọ ni. Ó wolẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí èmi alára rí. Kò sẹ́ni tó tíì bi mí.

Mo sọ fún un pé inú ihò náà ṣókùnkùn. Alfa ní kí n tú kókó aṣọ funfun yín níbi orí, mo ń táràrà, ọwọ́ mi ò bà á, wọ́n sì ti ń gbé pákó bọ̀ lókè. Lójijì ni ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rò pé wọ́n gbé àtùpà gáàsì wá ni. Mo rí kókó náà, mo tú u. Òkùnkùn sì padà.

Risi wá ní, “Ẹ̀rọ yẹn mà ṣeun o.”

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi, Màámi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó sọ̀ kalẹ̀ bá yín, tí kò fẹ́ gòkè padà.