Lẹ́tà Fẹ́mi

Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ọjọ́ Ẹtì.

Ìwé tí mo ń kọ àṣẹ àwọn ènìyàn sí nílé ìfìwéránṣẹ́ ti kó mi sí wàhálà. Àlàájì ní kí n tọ́jú lẹ́tà òun di ọjọ́ ọjà. Àwọn tíṣà ní kí n ránṣẹ́ pe àwọn tí lẹ́tà bá ti Àkúrẹ́ dé.

Bàbá Fẹ́mi ní tí lẹ́tà ọmọ wọn bá ti Kàdúná dé, Mámà Fẹ́mi ni kí n fún, kí inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Mámà náà yọ́ wá, ó ní Bàbá ni kí n fún. Èmi òmùgọ̀, mo kọ méjèèjì sílẹ̀! Láti ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà náà ti ń sùn sọ́dọ̀ mi, tí oníkálukú wọn ń ní kí n dúró de èkejì.

Lónìí mo gbé e lọ sílé wọn.

Mámà ní, "Fún bàbá ẹ."

Bàbá ní, "Rárá o, fún ìyá ẹ."

Inú bí mi. Iṣẹ́ mi ò gbà mí láyè, àmọ́ mo já lẹ́tà náà. Ìlà àkọ́kọ́ rèé: "Mo mọ̀ pé ẹ ó máa tì í síra yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mú un wá kà á."

Mo ti fagi lé àṣẹ méjèèjì. Ohun tí mo kọ rọ́pò wọn ni: tí lẹ́tà Fẹ́mi bá dé, kí n gbé e lọ, kí n jókòó sáàárín wọn, kí n kà á.