Ìyàwó Tó Ń Dúró De Ọkọ̀ Ìràwọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Onífíìmù kan pè láàárọ̀. Ó fẹ́ fi ìtàn tí olóògbé kọ fún rédíò láyé àtijọ́ ṣe fíìmù, ìtàn ọkọ̀ tó ń lọ sínú ìràwọ̀. Ó ní èmi ni wọ́n ní kóun bi, torí èmi ni Olóṣùpá fi í sílẹ̀ fún. Olóṣùpá – ọkọ mi nìyẹn. Ó mọ̀nà òṣùpá dáadáa. Ibi tá à ń kó ṣíbí sí nílé ni kò mọ̀ títí tó fi kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ilé kún. Ọmọ mi ọkùnrin dé, Ọ̀gbẹ́ni Ọjọ́-Iwájú, tó ń kọ̀wé nípa ayé tó ń bọ̀, tí kì í rántí ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí. Ó ní òun ni kí n fún ní ìtàn náà, òun á kọ ọ́ fún fíìmù bí bàbá òun ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, tó ń ya fíìmù, ní òun ló yẹ, àmọ́ òun máa yí ìparí ẹ̀ padà. Ìyàwó ọ̀gákọ̀ inú ìtàn náà ò ní jókòó sílé mọ́, òun náà máa wọkọ̀.

Bàbá ẹ̀ ní, "Ta ló máa wá dúró dè wọ́n?"

Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin náà lè dúró."

Mo lọ bu omi, kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín lẹ́nu mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n ń rán láti pálọ̀ sí kíṣìnì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo ń ronú nípa ìyàwó yẹn. Nínú ti Olóṣùpá, ojú fèrèsé ló wà látìbẹ̀rẹ̀. Ó ń sunkún. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé èmi ni, torí ó ń wúkọ́ bíi tèmi. Ariwo ọkọ̀ yẹn náà, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni wọ́n gbé lọ sílé iṣẹ́ rédíò láti fi ṣe é. Aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀. Àwọn èèyàn ń lọ sínú ìràwọ̀, ta ló ń béèrè bùláòsì?

Ọmọ mi wá kọ ìwé tiẹ̀. Màmá kú níbẹ̀, wọ́n fi irin ṣe òmíràn. Onírin yìí ń se oúnjẹ, ó ń lọṣọ, kì í ṣàìsàn, kì í fèsì. Mo bi í bóyá mo mọ ẹni náà. Ó ní, "Màmá, ìtàn lásán ni." Mo ní mo gbọ́. Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì tí mo ti lọ̀ fún un.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo fún ọmọ-ọmọ mi obìnrin ní ìtàn náà. Bàbá ẹ̀ ní mo ta bàbá òun. Ó jáde, ó padà wá mú kọ́kọ́rọ́ tó gbàgbé, ó tún jáde. Mo ní kó mú agboòjò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Kò wá. Kò pè. Ó lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìgbà tó máa kí ìyá ẹ̀ ni ò yé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó wá. Mo se tíì. Ó ní ọmọ òun ti fi ohun tó kọ ránṣẹ́ sóun. Ibì kan wà níbẹ̀ tí ìyàwó ní òun ti di ẹrù òun kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ọkọ̀ kankan.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ ìyẹn fún un?"

Mo ní èmi ni.

"Òótọ́ ni?"

Mo ní òótọ́ ni. Mo ti di ẹrù. Oyún ẹ̀ ló gbé mi ṣubú lọ́jọ́ tó yẹ kí n lọ, mo bá tú ẹrù náà.

Ó gbé ife tíì kalẹ̀. Mo rò pé bírò ló máa mú, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọmọ ẹ̀ pàápàá, bí mo ṣe dárúkọ ẹrù, bírò ló wá. Òun ò wá nǹkan kan.

Ó ní, "Ibo lẹ fẹ́ lọ?"

Mo wò ó. Nínú gbogbo àwọn arìnrìn-àjò ilé yìí, kò sẹ́ni tó bi mí rí.

Mo sọ fún un. Kò tiẹ̀ jìnnà. Téèyàn bá wọkọ̀ láàárọ̀, á débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.